Epo Tí Kì Í Rú Èéfín

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lójú ewé wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú ilé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń ga sí i. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì rò pé èyí kò kan òun, kí ó wo iyàrá rẹ̀ yíká. Ìrẹsì tí ó wà nínú ìkòkò, èlùbọ́ tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé, bàtà tí ó wà lẹ́sẹ̀ wa, tẹlifóònù tí ó wà lápò wa, púpọ̀ nínú wọn ni ó gba orí òkun wọlé. Bí a bá pín gbogbo ẹrù tí àwọn orílẹ̀-èdè ń kó ránṣẹ́ sí ara wọn sí ọ̀nà 100, ó lé ní 80 tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e.

Àwọn tí ó ṣáájú wa wá kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí mọ òkun jù wá lọ. Ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster, tí ó ná ọ̀nà Èkó sí ilẹ̀ yìí láti 1951 títí di 1974, gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn wá. Àwa ní tiwa, bàálù ni a wọ̀, a sì ti gbàgbé òkun. Ṣùgbọ́n ẹrù wa kò gbàgbé rẹ̀.

Epo tí púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ńláńlá wọ̀nyí ń jó ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó máa ń kù nílé ìfọpo lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù kúrò. Ó dúdú, ó ki, àfi kí wọ́n fi iná yá a kí ó tó lè ṣàn dé inú ẹ́ńjìnnì. Lọ́dọọdún, epo tí àwọn ọkọ̀ ńlá ayé ń jó lé ní 200 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Nínú gbogbo gáàsì tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run, tí ó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, ti ọkọ̀ ojú omi nìkan tó nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní etí òkun Èkó kò nílò olùkọ́ kan tí yóò ṣàlàyé fún un ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi bá ń ga tí ilẹ̀ sì ń jẹ kúrò.

Nítorí èyí ni àjọ àgbáyé tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, tí a mọ̀ sí IMO, tí ilé rẹ̀ wà ní etí odò Thames ní London níbí, fi pinnu ní oṣù Keje 2023 pé ọkọ̀ òkun gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú títú gáàsì wọ̀nyí sójú ọ̀run ní nǹkan bí ọdún 2050. Ìpinnu rọrùn láti ṣe. Kí ni àwọn ọkọ̀ yóò wá máa jó? Ìdáhùn tí ó ń ti ẹnu àwọn ọlọ́kọ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn ìjọba kan wá jù lọ ní ọdún mẹ́ta mẹ́rin yìí ni amóníà. Wọ́n ní epo mímọ́ ni. Èyí ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kí àwa náà tó bá wọn pè é bẹ́ẹ̀.

Amóníà kì í ṣe àjèjì sí imú wa. Ẹni tí ó bá ti wọ ilé adìẹ tí wọn kò tíì gbá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí òórùn kan ta á nímú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, amóníà ni ó gbọ́ òórùn rẹ̀ yẹn. Òun kan náà ni ó ń rùn nílé ìtọ̀ inú gáréèjì, òun ni ó sì wà nínú púpọ̀ nínú oògùn tí àwọn onídìrí fi ń pa irun láró. Gáàsì ni, kò sì ní àwọ̀. Náítírójìn kan àti háídírójìn mẹ́ta ni ó so pọ̀ tí ó di amóníà. Náítírójìn kò wọ́n, nítorí pé nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí, 78 jẹ́ náítírójìn. Háídírójìn wà nínú omi, ó sì wà nínú gáàsì tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀.

Ní 1909 ni Fritz Haber, ará Jámánì, fi hàn pé ènìyàn lè mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, kí ó sì fi ipá so ó mọ́ háídírójìn. Carl Bosch àti ilé iṣẹ́ BASF sọ ọ̀nà yìí di iṣẹ́ ńlá, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Oppau ní 1913. Ooru tí wọ́n fi ń sè é máa ń tó ìwọ̀n Celsius 400 sí 500, agbára tí wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ lé ní ìlọ́po 100 ti afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Lónìí, amóníà tí ayé ń ṣe lọ́dún kan lé ní 180 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Nǹkan bí 70 nínú 100 rẹ̀ ni ó ń di ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sóko. Kò sí àsọdùn níbẹ̀ bí a bá wí pé bí kò bá sí amóníà, oúnjẹ kò ní kárí àwọn ènìyàn tí ó wà láyé lónìí.

Ìdí tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi yíjú sí i kò fara sin. Igi ìdáná, èédú, dísù, gbogbo wọn ni ó ní kábọ́ọ̀nù nínú. Bí iná bá ti mú wọn, kábọ́ọ̀nù náà á di gáàsì, á sì gòkè lọ bá àwọn tí ó ti wà lókè tẹ́lẹ̀. Amóníà kò ní kábọ́ọ̀nù kankan nínú. Bí ó bá jó bí ó ti yẹ, omi àti náítírójìn ni ó máa ń kù, náítírójìn yìí sì ni a ti bá nínú afẹ́fẹ́ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ló dé tí wọn kò fi lo iná bátìrì, tàbí háídírójìn fúnra rẹ̀. Bátìrì dára fún ọkọ̀ kékeré tí ó ń gbé èrò kọjá odò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí yóò wà lójú agbami fún ogún ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ yóò kó bátìrì títí ààyè ẹrù yóò fi tán. Ní ti háídírójìn, kí ó tó di omi tí a lè rọ sínú àgbá, òtútù rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ìwọ̀n Celsius 253 nísàlẹ̀ òdo. Amóníà rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n 33 nísàlẹ̀ òdo tó o láti di omi. Bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sínú àgbá bí a ti ń tẹ gáàsì ìdáná sínú sílíńdà, kò nílò òtútù náà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn atukọ̀ ti ń gbé e gẹ́gẹ́ bí ẹrù láti ọjọ́ pípẹ́: nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni ó ń gba orí òkun lọ́dọọdún, èbúté tí ó sì mọ̀ ọ́n gbà lé ní 100. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni kí ọkọ̀ máa jó ẹrù tí ó ti ń gbé. Lórí ilẹ̀ pàápàá, wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí: nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí dísù wọ́n bí ojú, amóníà ni àwọn bọ́ọ̀sì kan fi rìn ní ilẹ̀ Belgium.

Iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ní oṣù Keje 2023, ilé iṣẹ́ MAN kọ́kọ́ fi amóníà yí ẹ́ńjìnnì ńlá irú ti ọkọ̀ òkun ní Copenhagen. Ní oṣù Kẹta 2024, ọkọ̀ Fortescue Green Pioneer jó amóníà pọ̀ mọ́ dísù ní èbúté Singapore. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, àwọn ará Japan parí àtúnṣe ọkọ̀ Sakigake, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kékeré alágbára tí ó máa ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi amóníà ṣiṣẹ́ ní Tokyo. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n ti kàn láti 1957 rìn lórí odò kan tí ó ṣàn wọ odò Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York. Èyí kò jó amóníà rárá: ẹ̀rọ kan ń tú u padà sí háídírójìn àti náítírójìn, wọ́n sì ń fi háídírójìn náà ṣe iná mànàmáná tí ń ta ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àlá lásán ni ọ̀rọ̀ yìí kò sọ òótọ́. Àwa kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn àgbà wa ní èéfín ni ìwà. Bí o dì í mọ́lẹ̀ níhìn-ín, yóò rú lọ́hùn-ún. Bí èéfín kò bá jáde láti orí ọkọ̀, ó yẹ kí a béèrè ibi tí ó gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti ń sè é. Amóníà kò sí nínú ilẹ̀ bí epo rọ̀bì tí a ó kàn gbẹ́lẹ̀ bá. Ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é. Háídírójìn inú rẹ̀ ni ó ń fa ìnáwó, láti inú gáàsì ilẹ̀ àti èédú ni wọ́n sì ti ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ yọ títí di ìsinsìnyí. Bí wọ́n bá ti fa háídírójìn yọ nínú gáàsì, kábọ́ọ̀nù tí ó kù á bá ihò èéfín ilé iṣẹ́ jáde. Bí a bá pín in dọ́gba lórí gbogbo ilé iṣẹ́ ayé, tọ́ọ̀nù amóníà kan ń tú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2.4 gáàsì kábọ́ọ̀nù sójú ọ̀run kí ó tó kúrò nílé iṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Agbára tí ó wà nínú tọ́ọ̀nù amóníà kan kò tó ìdajì èyí tí ó wà nínú tọ́ọ̀nù epo ọkọ̀ kan. A nílò amóníà tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 2 kí a tó rìn dé ibi tí tọ́ọ̀nù epo kan ń gbé ọkọ̀ dé. Tọ́ọ̀nù epo yẹn, bí ó bá jó, ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù tí ó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 3. Amóníà tí yóò rọ́pò rẹ̀ ti tú èyí tí ó tó tọ́ọ̀nù 5 nílé iṣẹ́, kí ọkọ̀ tó tú okùn rẹ̀ ní èbúté. Ẹ ò rí i pé ọkọ̀ náà yóò mọ́ tónítóní, ọ̀run yóò sì túbọ̀ dọ̀tí. Bí ẹni tí ó gbálẹ̀ pálọ̀ tí ó kó ìdọ̀tí rẹ̀ sí yàrá ni.

Nítorí èyí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń pín amóníà sí oríṣi. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń fi gáàsì ṣe, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mú kábọ́ọ̀nù náà, tí wọ́n ń tì í padà sí abẹ́ ilẹ̀ kí ó má bàa gòkè. Èyí sàn, bí wọ́n bá mú púpọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, tí gáàsì kò sì jò dànù lójú kànga àti ojú páìpù. Gáàsì ilẹ̀ tí kò jó, tí ó kàn jò, ń mú ayé gbóná ju èyí tí ó jó lọ. Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ya háídírójìn kúrò nínú omi, tí iná náà fúnra rẹ̀ sì wá láti ara oòrùn, afẹ́fẹ́ tàbí omi odò. Èyí ni ó mọ́ jù. Kì í ṣe ohun tuntun pátápátá, nítorí pé ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn ará Norway ti fi iná tí wọ́n rí láti ara omi tí ń já láti orí òkè ṣe háídírójìn ajílẹ̀ ní Rjukan.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń jẹ iná bí eṣú ti ń jẹ oko. Tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń gba iná tí ó tó nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 10,000. Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a mú iná ilé wa ní Nàìjíríà. Ohun tí àwọn wáyà ìjọba ń pín kiri ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kò ju mẹ́gáwáàtì 4,000 sí 5,000 lọ, fún èrò tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù. Bí a bá pa gbogbo iná Nàìjíríà fún ọdún kan gbáko, tí a kó o fún ṣíṣe amóníà, tí ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ wà lókùnkùn, ohun tí a ó rí kò ní ju nǹkan bí 4 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ. Àwọn ọkọ̀ ńlá ayé nílò tí ó lé ní 400 mílíọ̀nù kí wọ́n tó lè fi epo sílẹ̀ pátápátá. Ìdá kan nínú 100 ni gbogbo iná wa lè ṣe fún wọn. Èyí kò fi hàn pé kò ṣeé ṣe. Oòrùn pọ̀ láyé, afẹ́fẹ́ kò sì tán lójú òkun. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó bá ń sọ pé ọ̀la ni gbogbo rẹ̀ yóò yípadà kò tíì jókòó ṣe ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote tí wọ́n ṣí ní Lekki ní oṣù Kẹta 2022 lágbára láti ṣe 3 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù yùríà lọ́dún. Kí yùríà tó di yùríà, amóníà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sè, gáàsì ilẹ̀ wa ni wọ́n sì fi ń sè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ amóníà ń lọ ní Eleme àti Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní agbègbè Lekki kan náà ni wọ́n tún ti ṣí èbúté omi jíjìn ní oṣù Kìíní 2023, tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́. Ẹni tí ó bá fi ojú oníṣòwò wo ibi tí gáàsì, amóníà àti èbúté ti pàdé, yóò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ní kí àwọn ọkọ̀ máa rọ epo tuntun yìí níbẹ̀. Owó lè wọlé, iṣẹ́ lè sí. Ó tọ́ kí ọmọ Yorùbá ti mọ ìbéèrè tí yóò béèrè kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀: gáàsì kábọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ náà ńkọ́? Ìkejì ni ti ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1992, ní Dakar, olú ìlú Senegal, àgbá amóníà kan bẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún epo ẹ̀pà. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 22 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìkùukùu funfun bo àdúgbò. Ènìyàn 129 ni ó kú, àwọn tí ó farapa sì lé ní 1,100. Amóníà fẹ́ràn omi púpọ̀, ibi tí omi bá sì wà lára ènìyàn ni ó máa ń wá lọ: ojú, ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá jẹ́ 5 péré nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, imú ti lè gbọ́ ọ, èyí sì jẹ́ àánú, nítorí ó ń kìlọ̀. Bí ó bá di 300, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀ láìsí ìbòjú tí ó ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Àgbá ẹyọ kan ṣoṣo ni ti Dakar. Ọkọ̀ ńlá tí yóò fi amóníà sọdá òkun yóò gbé ọ̀pọ̀ ìlọ́po rẹ̀, ní ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun tí wọ́n sì ń sùn.

Ẹ rò ó wò. Nínú ọkọ̀ tí ń jó epo dúdú, bí páìpù bá jò, òṣìṣẹ́ á mú àkísà, á nù ún, á wá síbi tí ó ti jò. Nínú ọkọ̀ amóníà, bí páìpù bá jò, sísá ni. Bí ó bá sì dà sínú omi, ó ń pa ẹja, àwọn apẹja tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́, Mákòókò àti Badagry sì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìkòkò ọbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, IMO fọwọ́ sí ìlànà onígbà díẹ̀ lórí bí ọkọ̀ tí ń jó amóníà ṣe gbọ́dọ̀ rí: páìpù onílọ̀ọ́po méjì, ẹ̀rọ tí ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ènìyàn tó gbọ́ ọ, fáànù tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síta, àti ìbòjú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà tí a tẹ̀ sínú ìwé ní London kì í ṣe ìbòjú lójú òṣìṣẹ́ ní Àpápá. Ẹni tí yóò so páìpù mọ́ ọkọ̀, ǹjẹ́ wọ́n ti kọ́ ọ? Ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ èbúté, ǹjẹ́ ó ní oògùn ojú àti afẹ́fẹ́ àtọwọ́dá tí yóò kárí 100 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn ará àdúgbò, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn ibi tí wọn yóò sá gbà?

Ohun kẹta wà tí kò yẹ kí a fò. Amóníà kì í tètè gbaná, bí ó bá sì gbaná tán, jíjó rẹ̀ ń falẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì fi ń fi dísù díẹ̀ ṣáná sí i. Bí ó bá jó ní ìdajì ìdajì, gáàsì kan tí ń jẹ́ nitrous oxide lè jáde, èyí tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 270 ti gáàsì kábọ́ọ̀nù. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti ba gbogbo èrè jẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe Sakigake ní ọkọ̀ àwọn ti dín gáàsì tí ń mú ayé gbóná kù tó ìdá 95 nínú 100 nígbà mìíràn. A gbóríyìn fún wọn. Síbẹ̀, ọkọ̀ kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé yí ká ní Tokyo yàtọ̀ sí ọkọ̀ ogún ọdún tí ẹni tí ó ni ín ń wá ọ̀nà àtidín owó àtúnṣe kù.

Ẹ̀kẹrin ni ti àgbẹ̀. A ti wí pé ajílẹ̀ ni púpọ̀ nínú amóníà ayé ń dà. Ní 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbé owó gáàsì lọ sókè, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ amóníà ní Yúróòpù dáwọ́ dúró, ajílẹ̀ sì wọ́n káàkiri ayé, tí ó fi kan àgbẹ̀ àgbàdo nílé wa. Bí ọlọ́kọ̀ àti àgbẹ̀ bá wá ń du ohun kan náà lọ́jà, ta ni owó rẹ̀ tó o? Ẹni tí ó ní ọkọ̀ òkun ni àbí ẹni tí ó ní ádá? Àfi kí amóníà ọkọ̀ jẹ́ àfikún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a já gbà lẹ́nu oko.

Kí ni ìmọ̀ràn wa nígbà náà? A kò ní kí ayé má lo amóníà. Epo dúdú tí wọ́n ń jó lónìí ń pa wá lára, etí òkun tiwa sì wà lára ibi tí ìyà rẹ̀ yóò ti kọ́kọ́ dun ènìyàn. Ẹni tí ó ń jẹ nínú ìyà ohun àtijọ́ kò lè lòdì sí wíwá tuntun. Ohun tí a ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ka ìdọ̀tí epo láti ojú kànga títí dé orí ọkọ̀; kí wọ́n má kà á láti orí ọkọ̀ nìkan. Kí orúkọ mímọ́ má bàa di aṣọ àlà tí wọ́n fi bo egbò. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe òfin rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní IMO lórí òfin tí yóò mú ọkọ̀ tí ó bá ń tú gáàsì jù san owó. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá ọdún náà tí wọ́n fẹ́ fi èdìdì dì í, Amẹ́ríkà àti Saudi Arabia wà lára àwọn tí ó ta kò ó. Orílẹ̀-èdè 57 ní kí wọ́n sún un síwájú fún ọdún kan, 49 ní rárá. Ìbò mẹ́jọ ni ó fi ju ara wọn lọ. Ẹni tí ó bá rò pé ohùn orílẹ̀-èdè kan kò tó nǹkan kí ó tún nọ́ńbà yẹn kà.

Ìdí tí a fi kọ èyí sí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Nínú wa ni ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wà, ẹni tí ń kọ́ òfin òkun, ẹni tí ń kọ́ ìṣègùn, ẹni tí ń kọ́ ọ̀rọ̀ ajé. Bí a bá ń wá ohun tí a ó fi ṣe ìwé àṣejáde, iṣẹ́ nìyí nílẹ̀ tí kò tíì ní olówó: báwo ni èbúté wa ṣe lè gba epo yìí láìsí òkú? Eélòó ni gáàsì kábọ́ọ̀nù Lekki àti Onne, ibo ni a sì lè tì í sí? Irú òfin wo ni yóò dáàbò bo ọmọ ilé wa tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ elédè míràn? Bí àwa kò bá béèrè, àwọn ẹlòmíràn yóò bá wa dáhùn, yóò sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju bí yóò ti rọ̀ wá lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹni tí ó sì mọ ìwé náà ti di àgbà lọ́jà yìí.

Ẹni tí ó bá ní àfikún tàbí àtakò, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa. Àyè wà fún un. Ó dìgbà kan ná. Ire o.